Ẹ̀ṣẹ̀ Ẹlòmíràn Kì í Ṣe Owó Oṣù Wa

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ní Alápòtí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ado-Odò/Ọ̀tà. Kóòdù là ń kọ. Ẹni méjì nínú wa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kẹta ń kírun. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tí a mọ̀ dáadáa kan ilẹ̀kùn wa. Ètè rẹ̀ ti wú, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò sí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti àkáǹtì mi pa. Fóònù mi wà lọ́wọ́ wọn."

A bá a pe báǹkì, a bá a ti WhatsApp rẹ̀ pa, kó tó di pé a béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Orí áàpù kan ló ti pàdé ẹnì kan. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó wá lọ kí onítọ̀hún nílé lọ́nà Sángo, ọkùnrin mẹ́rin ló bá níbẹ̀. Wọ́n lù ú, wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọ́n ya fídíò rẹ̀, wọ́n fipá gba PIN lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì lọ gba gbogbo owó tó ní lọ́dọ̀ oní-POS. Wọ́n ní bí kò bá tún fi owó ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, páásítọ̀ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ló máa rí fídíò náà.

A ní ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó wò wá bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Kí n lọ sọ kí ni?"

Ọ̀kan nínú wa sọ ọ̀rọ̀ kan lálẹ́ ọjọ́ náà tí ojú ṣì ń ti gbogbo wa. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo fà á." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ ká kọ èyí.

Kito ni àwọn tó ń fojú winá irú nǹkan yìí ń pè é. Òwò ni. Ó ní àwọn tó ń dẹ ọ̀nà, ó ní àwọn tó ń lu èèyàn, ó ní àwọn tó ń gba owó. Ohun tó sì jẹ́ kí òwò náà máa tà ni pé òfin ti bá wọn pa ẹnu oníbàárà mọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2014 la gbọ́ pé Ààrẹ Goodluck Jonathan ti buwọ́ lu òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀. Ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tàbí tó ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn, ọdún 10 náà ni. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn ni abala 214 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sílẹ̀ fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò pọ̀.

Àwọn tó ṣe òfin yìí lè ní Ọlọ́run làwọn ń jà fún. Ṣùgbọ́n ta ló ń jèrè rẹ̀? Ẹni tó jí ewúrẹ́ mọ̀ pé oní-ewúrẹ́ lè pariwo olè. Olè tiwa yìí mọ̀ pé ẹni tí òun jà lólè kò gbọdọ̀ lanu. Àwa tó ń kọ kóòdù mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀: bí o bá ṣe ètò kan tí ẹnì kan ò ti lè ké gbàjarè, ibẹ̀ ni gbogbo gbájúẹ̀ ayé máa wá pàgọ́ sí.

A ò ní tàn yín. Ẹnu àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò kò lórí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni àbí ẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ẹnì kan nínú wa gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, kò sì ní yí ohùn padà. Ẹnì kan gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Ẹnì kẹta ní òun ò mọ̀, òun sì ti rẹ̀ nínú àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí: kí nǹkan jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kó jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kó wá di àyè láti lu ọmọ ọlọ́mọ ká sì gbowó rẹ̀, ọ̀tọ̀ pátápátá nìyẹn. Àwọn ará wa ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìkòkò kan, wọ́n wá ń pe ọbẹ̀ náà ní ìgbàgbọ́.

Ìgbàgbọ́ wo? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Kìrìsìtẹ́nì. Ní 1998, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà gbogbo àgbáyé ṣe ìpàdé Lambeth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pinnu pé irú ìbálòpọ̀ yìí kò bá Ìwé Mímọ́ mu. Ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà di ìpinnu yẹn mú gírígírí lábẹ́ Peter Akinọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tó jẹ́ olórí wọn láti 2000 sí 2010. Nígbà tí ìjọ tó wà ní Amẹ́ríkà fi Gene Robinson jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 2003, inú bí wọn débi pé wọ́n yọ orúkọ Canterbury kúrò nínú òfin ìjọ wọn ní 2005. Ó dáa, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n nínú ìpinnu 1998 yẹn kan náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní kí ìjọ tẹ́tí sí àwọn tó rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ìfẹ́ ṣe olùṣọ́ àgùntàn fún wọn, kí wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lu ìbẹ̀rù aláìnídìí táwọn èèyàn ní sí wọn. Ṣé ẹ ti gbọ́ ìdajì kejì yìí lórí pẹpẹ rí? Àwa ò gbọ́ ọ rí.

Ó kan ẹ̀yin mùsùlùmí náà. Ẹni tó ń kírun láàárín wa ló ní ká kọ ibí yìí sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ Islam ò fọwọ́ sí ìwà náà, a ò sì ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Suratul-Hujurat, ẹsẹ 12, kọ̀ fún onígbàgbọ́ láti máa tọ pinpin àṣírí ẹlòmíràn. Suratun-Nur, ẹsẹ 4, ní kí wọ́n na ẹni tó bá fẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin oníwà mímọ́, tí kò mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, ní ẹgba 80. Ẹ̀sìn tó ń béèrè ẹlẹ́rìí mẹ́rin, báwo la ṣe fẹ́ fi í dá ẹni tó ń já fóònù gbà, tó ń ka mẹ́séèjì onímẹ́séèjì, láre?

Bí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan á ní, "Kì í ṣe àṣà wa. Òyìnbó ló kó o wá." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Abala 214 tí à ń fi lé ara wa kiri yìí, Ọlọ́tà kan kọ́ ló pa á láṣẹ, babaláwo kan ò sì dá a lórí ọpọ́n. Òyìnbó amúnisìn ló gbé òfin náà wá. Èyí tí wọ́n ṣe fún Queensland ní Ọsirélíà lọ́dún 1899 ni wọ́n wò ṣe tiwa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú tiwọn ká ní 1967. Queensland tú tiwọn ká ní 1990. Àwa la kù tí à ń sin àlòkù wọn, tí à ń pè é ní àṣà baba wa.

Bó bá sì jẹ́ àṣà la fẹ́ sọ, ní agbègbè wa yìí, a mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọkùnrin ló ń wọ agọ̀, ó ń de gèlè, ó ń so ọmú, ó ń jó bí obìnrin láti fi yẹ́ àwọn ìyá sí. UNESCO kà á mọ́ ohun iyì àgbáyé ní 2001. A ò sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ìbálòpọ̀ akọ sí akọ o. Kì í ṣe òun. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn baba wa lè wo ọkùnrin tó múra bí obìnrin láìbọ́ ọ síhòòhò. Lónìí, kí ọmọkùnrin dirun lásán, kí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó tó kí wọ́n dá a dúró lójú títì kí wọ́n ní kó ṣí fóònù.

Ẹ̀ṣẹ̀ náà kọ́ ni gbogbo wa ń sá fún, ká má tan ara wa. Ní 1888, ìpàdé Lambeth yẹn kan náà ní kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ. Àwọn baba wa ní Èkó ò gbà. Nígbà tí wọ́n dá ìjọ United Native African Church sílẹ̀ ní 1891, wọn ò lé olóbìnrin púpọ̀ jáde. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn ìpinnu àkọ́kọ́, ní 1988, Lambeth wá rọ òfin náà lójú. Láàárín ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó de olóbìnrin mẹ́ta mọ́lẹ̀ gba PIN rẹ̀. Oyè Baba Ìjọ ni wọ́n fi ń jẹ. Ó fi hàn pé a mọ bí a ṣe ń bá ẹni tí a kà sí ẹlẹ́ṣẹ̀ gbé, tó bá wù wá.

Ẹ wo ohun tí òfin 2014 bí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá ya wọ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Èkó, wọ́n kó ọkùnrin 57. Wọ́n tò wọ́n síwájú kámẹ́rà kí adájọ́ kankan tó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Àwọn kan ní ọjọ́ìbí làwọn wá ṣe. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá 2020, adájọ́ Rilwan Aikawa fagi lé ẹjọ́ náà torí pé ìjọba ò múra sí i. Ọdún méjì kọjá, kò sẹ́ni tí wọ́n dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí ojú wọn.

Kódà àdúrà ò gbà wọ́n sílẹ̀. Jide Macaulay, páásítọ̀ ọmọ Yorùbá tó sọ ọ́ ní gbangba pé ọkùnrin lọkàn òun ń fà sí, dá ìjọ House of Rainbow sílẹ̀ ní Èkó ní 2006. Bíbélì ni wọ́n ń kà, orin ìyìn ni wọ́n ń kọ. Ní 2008, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde, àwọn èèyàn dà wọ́n láàmú débi pé ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n, ibo lẹ tún fẹ́ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ tó ju ilé Ọlọ́run lọ?

Ọ̀tà yìí ni Canaanland wà, níbi tí wọ́n ti ṣí Faith Tabernacle ní 1999, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 50,000. Ká má tíì ka ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké àti mọ́sálásí tó wà láàárín àwọn ilé iṣẹ́ láti Sángo dé ọ̀dọ̀ wa ní Alápòtí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti orí pẹpẹ jáde níhìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, ó ti dé ìdí ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹ̀yin páásítọ̀ àti àlùfáà wa, a ò ní kẹ́ ẹ yí ìwàásù yín padà. Ẹ kàn fi gbólóhùn kan kún un: ẹni tó bá lu èèyàn, tó sì gbowó rẹ̀ torí ẹni tó ń fẹ́, olè ni, Ọlọ́run ò sì rán an níṣẹ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, bí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá dé orí fóònù yín, ẹ má fi ránṣẹ́, ẹ pa á rẹ́. Ẹni tó bá pín in ti di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin mẹ́rin yẹn. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹ̀yin tó ń ṣòfin, òfin tó ń da jìnnìjìnnì bo ẹni tí wọ́n lù, tí kò sì ba ẹni tó lù ú lẹ́rù, ẹ fagi lé e.

Fídíò yẹn dé ọ̀dọ̀ páásítọ̀ náà. Ọmọ wa kì í kọrin nínú kúáyà mọ́. Ó ti kó kúrò ní Alápòtí, ìyá rẹ̀ sì ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé iṣẹ́ ló gbé e lọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin yẹn ṣì wà lọ́nà Sángo. Bóyá wọ́n tilẹ̀ ń san ìdámẹ́wàá.