Orò, Ìbò àti Àwa Obìnrin Oníṣẹ̀ṣe

 

Ìbéèrè kan ń jáde lẹ́nu àwọn ìyàwó tuntun wa ní Barking àti Dagenham níhìn-ín, pàápàá àwọn tí a bí sí ìlú Òyìnbó: ṣé ẹ̀sìn tí ó ń ti obìnrin mọ́lé nígbà Orò lè sọ pé òun ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin? Ìbéèrè náà kì í ṣe àfojúdi. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n rí i lórí fóònù wọn bí a ti ń gbé e kiri pé Orò yóò jáde, tí àwọn ọlọ́pàá sì ní láti fi ará ìlú lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ìséde. Èrò tiwa ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fi Orò dí obìnrin lọ́nà ibùdó ìdìbò ti sọ ohun mímọ́ di irinṣẹ́ òṣèlú. Àwa oníṣẹ̀ṣe gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí àwọn tí kò fẹ́ràn wa tó bá wa sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́: àwa kò béèrè pé kí obìnrin rí Orò. Ohun tó wà nínú igbó, kí ó wà nínú igbó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibùdó ìdìbò kì í ṣe igbó Orò.

Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Ní ọdún 1864 ni wọ́n fi Ẹfúnróyè Tinúubú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn yẹpẹrẹ níbi tí a bá ti ń gbèrò ìlú. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá kó àṣẹ ìlú lé Aláké nìkan lọ́wọ́, àyè Ìyálóde pòórá. Owó orí obìnrin ní tirẹ̀ kò pòórá. Láti ọdún 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san án, ọmọbìnrin ọdún 15 sì ti wọ inú ìwé asanwó-orí nígbà tí ọkùnrin di ẹni ọdún 16 kí ó tó wọ̀ ọ́. Àwọn tí ń san owó náà kò ní aṣojú kan ṣoṣo láàrin àwọn tí ń ná an.

Ohun tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta dìde sí nìyẹn. Ní òpin ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin dó sí iwájú ààfin Aláké, wọ́n ń kọrin, wọn kò sì lọ sílé. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fi yé wa pé nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Orò lé àwọn obìnrin wọlé, ó já ọ̀pá Orò gbà, ó sì gbé e lọ sí ilé rẹ̀.

Àwọn onígbàgbọ́ a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ó ṣẹ́gun òrìṣà. Àwọn kan nínú wa náà a sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé aṣebi ni. Àwa kò sí nínú ìhà méjèèjì. A kò lè yìn ín pé ó di ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ gbé ohun náà kúrò ní ipò rẹ̀? Ẹni tó mú Orò wá síbi àríyànjiyàn owó orí ni ó kọ́kọ́ ba Orò jẹ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀ (ó padà wá ní òpin 1950). Wọ́n fagi lé owó orí obìnrin, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ fìdíhẹ. Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí: nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, ẹni tó ń san owó orí ni Ìwọ̀ Oòrùn fún ní ìbò. Ohun tí àwọn ìyá wa bọ́ lọ́rùn wọn ni ìjọba wá sọ di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ní Ìlà Oòrùn, gbogbo àgbà, ọkùnrin àti obìnrin, ni ó dìbò lọ́dún kan náà. Àwọn obìnrin Àríwá dúró di ọdún 1976.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìbátan wa ní òdìkejì òkun. Bùràsíìlì fún obìnrin ní ìbò ní 1932, Kúbà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1934. Ṣùgbọ́n ní Bùràsíìlì, ẹni tí kò mọ ìwé kà, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, kò lè dìbò títí di 1985. Ìyálórìṣà lè máa darí ilé òrìṣà ńlá, kí àwọn olóṣèlú máa wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, síbẹ̀ tí kò bá mọ̀wé, kò ní ìbò.

Ní Barking tiwa níhìn-ín, Annie Huggett wà lára àwọn tó jà fún ìbò obìnrin. Ọdún 1892 ni wọ́n bí i. Nígbà tí òfin 1918 dé, ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin gbọ́dọ̀ pé, nítorí náà ìjà tí ó jà kò kàn án; ó di 1928 kí obìnrin tó bá ọkùnrin dọ́gba. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó papòdà ní 1996.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ Ifá mọ ohun tí Òṣé Túrá sọ. Àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin dé ayé, wọn kò ka Ọ̀ṣun sí, iṣẹ́ wọn kò sì gún títí Olódùmarè fi béèrè obìnrin tó wà láàrin wọn. A máa ń ki odù náà dáadáa níbi ìpàdé. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin á jókòó gbèrò, tí wọ́n á ní kí àwa lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. (Ọbẹ̀ náà a máa dùn, a kò jiyàn.) Ilé òrìṣà tí kò bá gba ohùn ìyá nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi bá àwọn tó fi Orò ṣòṣèlú wí.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń sọ pé «a kì í ṣe ọmọ ibí, kí ló kàn wá nínú ìbò wọn», ẹ gbọ́ o: ọmọ Nàìjíríà tó ní ìyọ̀ǹda láti gbé ní ilẹ̀ yìí lè dìbò, ti káńsù àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Wọ́n ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ tó ní àwòrán ní ibùdó ìdìbò, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà sì wà lára èyí tí wọ́n ń gbà. Ìforúkọsílẹ̀ máa ń parí ní ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá ṣáájú ìdìbò. Ẹni tí kọ̀ǹpútà bá ni lára, kí ó mú nọ́ńbà National Insurance rẹ̀ wá bá wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun, a óò jọ kọ ọ́.