Ẹ Yé Da Ẹja Tuntun Pọ̀ Mọ́ Èyí Tó Ti Wà Nílé

Ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń sin ẹja nínú dígí, ọwọ́ ara wa la fi ń pa wọ́n. Kì í ṣe ebi, kì í sì í ṣe àìsí iná nìkan. Ọjọ́ tá a ra ẹja tuntun la ti pa àwọn ti àtijọ́. A dé láti ọjà, a tú ọ̀rá, a da ẹja àti omi inú ọ̀rá sínú táńkì, a gbé fóònù, à ń ya fọ́tò. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, a ó ní, "Ẹja ayé ìsinsìnyí ò lágbára."

Mo mọ̀ nítorí èmi náà ṣe é. Ẹja méje ni mo ní, mo sì ti sìn wọ́n ju ọdún kan lọ. Mo lọ ra goldfish méjì kún un nítorí àwọ̀ wọn wù mí. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní ara wọn le koko. Ní ọjọ́ kẹrin, mo rí nǹkan funfun bíi hóró iyọ̀ lára ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, ẹyọ kan ló kù nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mi ò dá ẹni tó tà á lẹ́bi. Inú omi rẹ̀ ni ẹja láti oríṣiríṣi ibi ti ń pàdé, òun náà kò sì lè fojú rí ohun tó wà níbẹ̀. Èmi tí mo ṣílẹ̀kùn ni mo jẹ̀bi. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ich ni àwọn tó ń sin ẹja ń pe àrùn yẹn. Kòkòrò tín-ín-tín kan, Ichthyophthirius multifiliis, ló ń fà á. Abẹ́ awọ ẹja ló ń wọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun. Tó bá yó, yóò já bọ́ sísàlẹ̀ omi, yóò pín ara rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọ, àwọn náà yóò sì máa lúwẹ̀ẹ́ kiri láti wá ẹja mìíràn. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, gbogbo èyí kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Oògùn kì í bá a nígbà tó bá wà lábẹ́ awọ; ìgbà tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ lọwọ́ lè tó o. Ó sì lè kọ́kọ́ wà níbi tí ẹja fi ń mí, tí ojú wa ò dé. Nítorí náà, ẹja tó ń dán lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lè ti gbé ikú dání.

Ṣé ẹ rántí Ebola ní Èkó lọ́dún 2014? Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹni tó bá fara kan aláìsàn, bí ara onítọ̀hún tilẹ̀ le. Ìṣọ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Àjọ Ìlera Àgbáyé lè kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ohun kan náà ni táńkì ìyàsọ́tọ̀ ń ṣe fún ẹja: kí tuntun dá gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Bí àìsàn bá yọjú lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìkà padà láti oókan.

Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Àkọ́kọ́: "Mi ò yà wọ́n sọ́tọ̀ rí, nǹkan kan ò sì ṣe wọ́n." Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Èkejì: "Olówó ló ń ní táńkì méjì." Ta ló ní kẹ́ ẹ ra dígí? Ọpọ́n ike tó gba nǹkan bí lítà 30, tó ní ìdérí, ti tó fún ẹja kéékèèké. Ẹ má da yanrìn sí i. Ẹ ju gígé páìpù omi kan sínú rẹ̀ kí ẹja lè ríbi sá sí. Ẹ ní àwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fún àwọn ti àtijọ́ lóúnjẹ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ tuntun, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́. Ẹ fi iye èyí wé iye ẹja méje.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: "Màá da kápúsù tetracycline sí i." Oògùn bakitéríà nìyẹn, kòkòrò ich kì í sì í ṣe bakitéríà. Àwọn bakitéríà tó ń ba yín tún omi ṣe lẹ lè fi pa, ẹ sì ń kọ́ àwọn ìyókù bí wọn ò ṣe ní gbọ́ oògùn mọ́, oògùn tí àwa èèyàn náà ń lò.

Ẹ̀kẹrin nìkan ló ní láárí: "Ọpọ́n kékeré yẹn gan-an lè pa ẹja." Òótọ́ ni. Èérí ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, tí ojú ò rí, tó ń jó ẹja níbi tó fi ń mí. Ọpọ́n tẹ́ ẹ bá gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sàréè ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni èyí ń bi yín, kì í ṣe àwáwí. Kí ẹja tuntun tó dé, ẹ fi fóòmù àsẹ́ kan sínú táńkì ńlá yín fún bí oṣù kan, kí bakitéríà rere lẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ẹja bá dé, ẹ gbé e lọ sínú ọpọ́n. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi ní ọjọ́ méjì-méjì. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ní klorínì, ẹ ṣí i sílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́jú. Oúnjẹ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún un. Bí wọ́n bá múná lọ, ẹ máa fi ife bu omi náà, kẹ́ ẹ máa dà á padà látòkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá sì tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, fóòmù yẹn ò gbọdọ̀ padà sínú táńkì ńlá.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú dígí, àwa là ń da eérú, ẹja ni eérú ń tọ̀. Wọn ò bẹ̀ wá pé ká wá sin àwọn, wọn ò sì lè sá kúrò nínú omi tá a bá bà jẹ́. Ẹni tí yàrá rẹ̀ ò gba ọpọ́n kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àyè ẹja tuntun ò sí níbẹ̀. Kó tọ́jú èyí tó ní.