Kí Ọdẹ Tó Ra Ìbọn, Kó Kọ́kọ́ Ra Bàtà

Nígbà tí paramọ́lẹ̀ bu bàbá mi jẹ nínú igbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbówà, ohun tí ẹbí kọ́kọ́ sọ ni pé ayé ló rán ejò náà. Mo wà nílé nígbà tí wọ́n gbé e dé. Tuntun ni ìbọn rẹ̀, àpò rẹ̀ kún fún ọta, iná orí rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí iná mọ́tò. Ṣùgbọ́n sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo owó tó ná, ẹsẹ̀ nìkan ni kò rí nǹkan kan gbà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò nílé ìwòsàn. Ó yè é, ṣùgbọ́n ìbọn náà la tà fi san owó, èmi náà sì fi sáà ẹ̀kọ́ kan jókòó sílé.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ayé kọ́, bàtà ni.

Àwọn àgbà kan ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lè bínú sí mi. Wọ́n á ní àwọn baba ńlá wa kò wọ bàtà tí wọ́n fi pa ẹfọ̀n, pé oǹdè àti ọfọ̀ ni bàtà ọdẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n iná kábáàdì làwọn ọdẹ ń gbé sórí tẹ́lẹ̀; lónìí, iná alábátìrì ni. Ọ̀pọ̀ ló ti fi ṣakabùlà sílẹ̀ nítorí pé ìbọn tó dára jù ú lọ ti dé. Bí a bá lè pààrọ̀ ohun tó wà lórí àti èyí tó wà léjìká, kí ló dé tí ẹsẹ̀ nìkan fi gbọ́dọ̀ máa gbé láyé àtijọ́?

Àwọn mìíràn ní bàtà ń pariwo, ẹran á gbọ́. Ṣé sílípáàsì tó ń gbá gìgísẹ̀ pà, pà, pà ni kì í pariwo?

Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá fún ènìyàn. Á ká jọ sínú ewé gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á sì jọ ti ewé náà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń bù jẹ, ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń bà. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé kan ṣoṣo.

Irú bàtà wo ló yẹ? Àbàtà pọ̀ nínú igbó tiwa, láti Ìmọ́tà dé Ìtóìkín títí dé Ẹ̀pẹ́, nítorí náà bàtà awọ tó ń mu omi kò bá a mu. Bàtà rọ́bà tó nípọn, tó ga dé abẹ́ orúnkún, ni mo fọwọ́ sí. Kó má fún pinpin: bí àyè bá wà láàárín rọ́bà àti ẹsẹ̀, eyín ejò lè má dé ara. Kí abẹ́ rẹ̀ ní eyín jíjìn tí yóò di ẹrẹ̀ mú. Ìrọ̀lẹ́ ni ká lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀; ká wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn sí i, ká sì fi rìn níwájú ẹni tó ń tà á. Bó bá jẹ́ òkìrìkà, ká tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán. Ká sì máa gbọ̀n ọ́n dáadáa ká tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, nítorí àkeekèé. Mi ò ní bàtà lè dènà gbogbo ejò, ṣùgbọ́n ó sàn ju ẹsẹ̀ lásán lọ fíìfíì.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, nígbà ìsinmi, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tẹ̀lé bàbá lọ wo tàkúté. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ sílípáàsì wá sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á dá a padà sílé. Ṣé igbó wá rọrùn ju kíláàsì lọ ni?

Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ́rẹ́ lọ. Bàbá mi ti tọ alábẹ́rẹ́ lọ, owó tó san sì ju owó bàtà lọ. Nígbà tó tún kó owó díẹ̀ jọ, bàtà ló kọ́kọ́ rà. Ìbọn ṣì wà lọ́jà.