Ọmọ Ọ̀dọ̀ àti Ìgbàgbọ́ Wa

Ẹ̀yin ará, láti Èkó yìí ni àwọn Potogí ti kó Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, sínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822. Ní 1864 ni a sì fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. A ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé Kristẹni ní Ìsàlẹ̀ Èkó ńkọ́? Bí agogo ìsìn bá lù, baba yóò gbé Bíbélì, ìyá yóò wé gèlè, òun yóò kù ní ìdí ààrò. Ọmọ ọlọ́mọ ni à ń rán níṣẹ́ dé tòrutòru! Èrò àwa tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni pé inú ilé ni ìgbàgbọ́ ti ń kọ́kọ́ hàn. Ẹ jẹ́ kí òun náà jẹun yó, kí ó sì lọ sí ilé ìwé.