Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Díẹ̀ ló kù kí owó àjọ ìyá aláṣọ kan wọgbó! Ọmọ rẹ̀ ń ṣe fídíò ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ ń há ṣáá, àwọn oníbàárà sì ti ń bínú. Ọmọ ní gíráfíìsì káàdì ló kù. Tìyá-tọmọ bá gbé kọ̀ǹpútà, ó di Computer Village n'Íkẹjà. RTX 3060 ló wọ ọmọ lójú.

"Màmá, ẹ má tíì sanwó o," ni ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wí. Ó ṣí àpótí, ó nàka sí bébà ara páwà: wáàtì 240 péré! "Káàdì yìí nìkan á jẹ 170. Ojú ihò tó máa wọ̀ ò lè fún un ju 75 lọ, páwà yìí ò sì ní wáyà tá a ó fi bọ́ ọ."

"Ṣé a ò lè pààrọ̀ páwà ni, ọmọ mi?"

"Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nìyí, mà. Bátànì páwà tiẹ̀ yàtọ̀, ti ọjà ò ní wọ̀ ọ́. GTX 1650 la ó mú, 75 lòun ń jẹ. Àmọ́ àwọn kan nínú ẹ̀ ní ojú wáyà lórí, a ò fẹ́ yẹn. Àpótí yín tún tẹ́ẹ́rẹ́, oríṣi kúkúrú ló máa gbà."

Ìyá sanwó, ṣéńjì ṣì kù. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wo páwà kẹ́ ẹ tó ra káàdì. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.