Ẹ Má Fi Sìmẹ́ńtì Pa Ògiri Amọ̀ Wa

Ẹ̀yin ará Sanson, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ní Tchaourou, ọ̀rọ̀ ògiri ni mo bá wá.

Bí òjò bá ti jẹ ara ilé amọ̀ àtijọ́, kíá ni a ń sáré ra sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ á dán lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n omi tó gba ìsàlẹ̀ tàbí ojú sísán wọlé kò ní rí ibi jáde mọ́. Amọ̀ inú á rọ̀, sìmẹ́ńtì á sì ṣí bí èèpo, tòun ti ọnà tí àwọn baba wa fọwọ́ yọ sára ògiri. Àtúnṣe yẹn ló ń ba ilé jẹ́.

Ohun tí ògiri amọ̀ ń fẹ́ kò jìnnà sí wa: amọ̀ tí a pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti koríko gígé, tí a fi sílẹ̀ kó kan dáadáa kí a tó fi rẹ́lé, lẹ́yìn náà, omi èèpo irúgbá tí a sè títí ó fi ki, tí a fi pa á kí òjò má tètè wọ̀ ọ́. Irúgbá wà lóko wa. Àwọn Batammariba ní Koutammakou ń lò ó títí dòní, UNESCO sì ti ka ilẹ̀ wọn mọ́ ogún ayé: apá Tógò ní 2004, apá Bẹ̀nẹ̀ ní 2023.

Ẹ tún wo Abomey. Kí wọ́n tó wó ilé Ọba Glèlè tó ti bàjẹ́ ní 1988, wọ́n gé àwòrán amọ̀ 50 nínú 56 kúrò lára ògiri rẹ̀. Láti 1993 dé 1997, ìjọba wa àti Getty Conservation Institute ti Amẹ́ríkà tún wọn ṣe, àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ sì kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Amọ̀ lásán ni o, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún!

Òfin nìkan kò tó láti dáàbò bo ilé àtijọ́. Ilojo Bar l'Ékòó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, ti di ohun ìrántí ìjọba láti 1956. Wọ́n wó o ní 2016.

Nítorí náà, kí mẹ́ẹ̀rì Tchaourou rán àwọn ọ̀dọ́ bíríkìlà lọ kọ́ṣẹ́ amọ̀, kí ó sì sanwó fún àwọn ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n kí wọ́n lè kọ́ àwọn mìíràn. Ẹ̀yin onílé, kí ẹ tó ra àpò sìmẹ́ńtì lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ìyá wọ̀nyí wá wo ògiri yín.