Kí Ẹ Tó Kó Ọmọ Ọlọ́mọ Lọ sí Ibùdó

Nígbà tí ìjọ bá fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ibùdó, tàbí tí a fẹ́ lọ jíhìnrere ní abúlé tó jìnnà sí títì, ẹ wo ohun tí ìgbìmọ̀ máa ń kọ sílẹ̀: ọkọ̀, ìrẹsì, jẹnẹrétọ̀, ẹni tí yóò wàásù, ẹni tí yóò lùlù. Ìsàlẹ̀ ìwé pátápátá ni ẹ óo ti rí àpótí first aid. Wọn a ra Panadol, bándéèjì díẹ̀ àti ìgò sípíríìtì kan, wọn a tì í sábẹ́ àga dẹ́rẹ́bà, ó parí. Ta ni yóò lò ó? Kò sẹ́ni tó béèrè.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ìjọ kankan fi ọmọ ọlọ́mọ lé olórí ibùdó lọ́wọ́ bí ẹni náà kò bá tíì gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè korò létí àwọn tó ń fi tinútinú ṣiṣẹ́ yìí láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó fi ọmọ lé wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ ń retí rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ejò. Ní Òkè Ọya, paramọ́lẹ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní carpet viper. Àwọ̀ rẹ̀ jọ iyẹ̀pẹ̀ àti ewé gbígbẹ, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń bù jẹ. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́. Ẹni tó bù jẹ lè jókòó kó máa sọ̀rọ̀, kí gbogbo wa máa yin Olúwa pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti erìgì rẹ̀. Kí ni a sì máa ń ṣe? A ó fi okùn de ẹsẹ̀ náà pinpin, a ó fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ yí i ká, ẹnìkan á fẹnu fà á, ẹlòmíràn á gbé òkúta dúdú lé e. Òkúta yẹn kò fa oró kankan. Okùn lè mú kí ẹsẹ̀ kú. Ẹ sì rò ó wò ná: ẹ fi abẹ gé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè dì!

Ohun tí ẹ ó kọ́ kò ṣòro. Ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ bọ́ bàtà àti ohunkóhun tó bá fún un kí ibẹ̀ tó wú, ẹ fi igi pẹlẹbẹ mú ẹsẹ̀ náà dúró, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí abẹ́rẹ́ oró ejò wà. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in. Kaltungo ní Ìpínlẹ̀ Gombe àti Zamko ní Ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n mọ̀ dáadáa fún iṣẹ́ yìí, ọ̀nà wọn sì jìn sí ọ̀pọ̀ abúlé. Nítorí náà, ẹ fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Ilé ìwòsàn wo ló ní in lọ́sẹ̀ yìí? Ta ni yóò wakọ̀ lóru? Ṣé epo wà nínú rẹ̀? Níbo ni nẹ́tíwọ́kì wà? Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́rin yìí ju àpótí náà lọ.

Ẹnìkan á ní, Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Ṣebí paramọ́lẹ̀ so mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Mẹ́lítà, ó gbọ̀n ọ́n sínú iná, nǹkan kan kò sì ṣe é. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Lúùkù tó kọ ìtàn náà, tó sì bá a rin ìrìn àjò náà, oníṣègùn ni. Pọ́ọ̀lù kan náà ló gba Tímótì níyànjú pé kó lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú tó ń dà á láàmú (àwa Onítẹ̀bọmi kì í fẹ́ ka ẹsẹ yẹn sókè).

Ti wárápá ló tilẹ̀ ká mi lára jù. Ní ibùdó kan, ọmọbìnrin kan ṣubú láàárín ìsìn alẹ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn kan sá, wọ́n ní itọ́ rẹ̀ ń ranni, irọ́ ni. Àwọn kan ń wá ṣíbí tí wọn yóò fi sí i lẹ́nu, àwọn tó kù ń bá ẹ̀mí èṣù wí. Olùkọ́ kan tó ti gba ẹ̀kọ́ ló kúnlẹ̀ tì í. Ó kó àga kúrò nítòsí, ó fi gèlè rẹ̀ tẹ́ ẹ lórí, ó ń wo aago, nítorí bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn yá. Kò dì í mọ́lẹ̀, kò sì fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Nígbà tí gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ má baà dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Obìnrin yẹn ń gbàdúrà pẹ̀lú o. Mo rí ètè rẹ̀.

Owó ẹ̀kọ́ yìí kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́. Red Cross ń kọ́ni, nọ́ọ̀sì sì kún inú àwọn ìjọ wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, torí ó lè má sí létí odò nígbà tí ọmọ bá rì. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń tẹ àyà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́nà mẹ́wàá, kó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kó tún bẹ̀rẹ̀. Etí nìkan kò lè kọ́ ìyẹn. Ọwọ́ ni a fi ń kọ́ ọ, a sì máa ń gbàgbé rẹ̀ bí a kò bá tún un ṣe.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ibùdó ìjọ yín, kí wọ́n dárúkọ ẹni méjì tó ti gba ẹ̀kọ́ náà, tí yóò sì bá àwọn ọmọ lọ. Bí wọn kò bá rí wọn dárúkọ, ẹ má tíì san owó bọ́ọ̀sì.